Àdá Bàbá Agékùn

Àdá ni ohun àkọ́kọ́ tí mo rántí nípa Bàbá Àgbà. Kì í ṣe ojú rẹ̀, kì í ṣe ohùn rẹ̀. Àdá ni, tó ń lọ sókè tó ń bọ̀ sílẹ̀, tí omi òjò ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀, tí Bàbá sì ń gbin bí ẹni tó ń pa ejò. Okùn ló ń gé. Okùn aláwọ̀ ewé tó nípọn tó àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀, tó rà ní tuntun nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀. Lọ́dọọdún, bí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀ ní Bwari, lẹ́bàá Abuja, tí àwọn ọmọdé sáré jáde láti jó nínú omi, Bàbá á wọ́ okùn yẹn jáde, á tẹ́ ẹ sórí kùkùté igi máńgòrò tó wà níwájú ilé, á sì gé e ní ègé-ègé, débi pé kò sí ègé kan tó gùn ju apá àgbàlagbà lọ. Kò ní sinmi títí yóò fi tán. Bí ẹnikẹ́ni bá sún mọ́ ọn, á fi àdá lé onítọ̀hún sẹ́yìn.

Iṣẹ́ kànga gbígbẹ́ ló ń ṣe, okùn yẹn ni wọ́n sì fi ń sọ òṣìṣẹ́ kalẹ̀ sínú ilẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń gbẹ́ kànga, nítorí kànga tí wọ́n bá gbẹ́ nígbà òjò máa ń tan ènìyàn jẹ: omi á kún un lónìí, tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, erùpẹ̀ ni ẹ máa fà jáde. Nítorí náà, òjò àkọ́kọ́ ló ń ti ìlẹ̀kùn ọdún iṣẹ́, àdá ni Bàbá sì fi ń tì í. Aládùúgbò wa kan wà, ọmọ ẹ̀yà Gbàgyí tó ń dáko iṣu lẹ́yìn ilé wa. Ojú rẹ̀ kò gbà á rí. “Kai, Baba! This rope still dey strong. Give me now, make I tie my yam.” Bàbá mọ̀ pé ọkùnrin náà kò gbọ́ Yorùbá, síbẹ̀ Yorùbá ló fi ń dá a lóhùn, láìgbé orí sókè: “Ó ti gbé ènìyàn tó.”

Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Bàbá Agékùn.

Lọ́jọ́ tí a ṣe ìsìn òkú rẹ̀, ẹnìkan mú gbohùngbohùn ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní bàbá jẹ́ onísùúrù, ẹni jẹ́jẹ́. Ọlọ́run ló kó mi yọ, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Sùúrù wo? Bàbá Àgbà ń lu ènìyàn. Ó lu alápatà, ó lu awakọ̀ tó gbé iyanrìn wa dà sí gọ́tà, ó lé alàgbà ìjọ kan já títì pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Màmá Àgbà a máa sọ fún un pé ìbínú kò da nǹkan fún ni, sùúrù ni baba ìwà. Bàbá a ní òótọ́ ni, lórí ilẹ̀. “Tí ilẹ̀ bá ń ya lé ọ lórí nínú kànga,” á wí, “kí o máa ní sùúrù.” Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an, mo sì tún ń bẹ̀rù rẹ̀ títí di ọjọ́ tó kú. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi irọ́ fọ̀ ọ́ mọ́ fún mi.

Ọ̀rọ̀ kejì tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ ni pé ahun ni. Èyí ni mo fẹ́ yanjú níhìn-ín, nítorí ó ń dùn mí.

Lóòótọ́, ọwọ́ rẹ̀ le. Ó ń gé ọṣẹ sí mẹ́rin, ó sì ń kó mẹ́ta pamọ́ sínú agolo. Sálúbàtà rẹ̀ já, ó fi wáyà rán an. Wáyà náà já, ó tún fi òmíràn rán an, títí ó fi di pé wáyà pọ̀ ju sálúbàtà lọ. Bí a bá fọ aṣọ tán, omi ìfọṣọ kò gbọdọ̀ dà nù, ilé ìgbẹ́ ni a fi ń fọ̀. Mo gbàgbé lọ́jọ́ kan, mo da odidi garawa omi sí ẹsẹ̀ ògiri. Ó fọ́ mi létí tí mo fi jókòó sínú omi náà. Mo ń sunkún, ó ń nawọ́ sí ẹnu kànga: “Ẹnìkan ló wọ inú ilẹ̀ lọ bù ú wá, Àbẹ̀kẹ́. Ènìyàn ni!”

Okùn tó ń gé yẹn ńkọ́? Ẹ má rò pé ó ń dà á nù. Kò sí ègé kan tó ṣòfò. Ó fi so ewúrẹ́, ó fi so ìlẹ̀kùn, ó fi so àkàbà, ó sì fi di ṣòkòtò rẹ̀. Pẹ̀lú okùn aláwọ̀ ewé yẹn nídìí ló ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ojú ń tì mí débi pé mo máa ń jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá. Nígbà tí bàbá mi, Gbádé, tó jẹ́ àkọ́bí rẹ̀, ra ìgbànú aláwọ tó dára fún un, ó dúpẹ́, ó gbàdúrà, ó sì gbé e fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ kan tó fẹ́ lọ mọ àna. Bàbá mi bínú. Bàbá Àgbà na okùn ìdí rẹ̀ sí i: “Èyí tí kò lè gbé ènìyàn mọ́ ṣì lè gbé ṣòkòtò.”

Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ọwọ́ líle yẹn dúró sí. Nígbà kan tí ọjà gbówó lórí, Màmá Àgbà dín ẹran àwọn òṣìṣẹ́ kù, ó fi ti ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Bàbá ṣí ìkòkò, ó wò ó. Ẹsẹ̀ ló fi ta ìkòkò náà. Ọbẹ̀ fọ́n sí ògiri, ewúrẹ́ fò sókè, Màmá Àgbà figbe ta. Ó ṣa ẹran inú àwo tirẹ̀, ó pín in fún àwọn ọkùnrin tó jókòó yẹn, wọn kò lè gbé e mì nítorí ẹ̀rù. Ẹ̀bà òfìfo ló jẹ lọ́jọ́ yẹn, ó sì jẹ ẹ́ tán. Ó ní: “Bí ẹ bá fẹ́ fi ẹran dù ènìyàn nínú ilé yìí, èmi ni kí ẹ fi dù.”

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Mpape. Onílé kan níbẹ̀ pe Bàbá àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ láti gbẹ́ kànga fún òun. Ilẹ̀ ibẹ̀, iyanrìn ló wà lókè kí ènìyàn tó kan àpáta, ó sì nílò ríìngì, ìyẹn kọnkéré róbótó tí wọ́n ń tò léra wọn kí ògiri kànga má baà ya lé ẹni tó ń gbẹ́ ẹ. Onílé ní ríìngì díẹ̀ ti tó, kí wọ́n máa ṣọ́ra gbẹ́ ìyókù. Bàbá kọ́kọ́ fi ẹ̀rín sọ fún un pé ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Onílé náà rẹ́rìn-ín, ó wo ìdí Bàbá. “Ẹ̀yin tí ẹ fi okùn di ṣòkòtò, ẹ̀yin lẹ wá ń kọ́ mi ní ìnáwó?”

Bàbá forí gbá a nímú. Ẹ̀jẹ̀ bo agbádá funfun. Kí wọ́n tó gbé onílé dìde, Bàbá ti mú ṣọ́bìrì, ó ti ń da erùpẹ̀ padà sínú ihò tí wọ́n ti gbẹ́, erùpẹ̀ tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn wà jáde. Ó ń dà á, ó ń bú, títí ilẹ̀ fi dọ́gba. Ó wá dúró lórí ọkùnrin náà, tí ó di imú mú, ó sì bi í léèrè ohun tí mo ti bi ọ̀pọ̀ ọ̀gá ní ibi iṣẹ́ mi láti ìgbà náà wá, nínú ọkàn mi: “Owó tí o fẹ́ fi pamọ́ yẹn, ara ta lo ti fẹ́ yọ ọ́?”

Bàbá Àgbà ní àbúrò kan tí à ń pè ní Bàbá Kékeré. Àwọn méjèèjì ló jọ kúrò ní Èjìgbò wá sí Abuja nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, wọ́n jọ ń gbẹ́ kànga. Lójú ẹni tó bá ń wò wọ́n láti òkèèrè, ọ̀kan náà ni wọ́n. Gbogbo Bwari ló ń fi àwọn méjèèjì ṣe ẹ̀fẹ̀ pé eṣinṣin kò lè bà lé ọbẹ̀ wọn kó jèrè. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọlé tì wọ́n yóò rí i. Bàbá Kékeré ní bàtà aláwọ méjì, ó sì ní aago. Òṣìṣẹ́ méjì ló ń pín píọ̀ wọ́tà kan fún lábẹ́ oòrùn. Bí ó bá sì di àsìkò oúnjẹ, ilé wa ló ń bọ̀, òun àti àlejò tó bá wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Tí wọ́n bá pè é ní ahun, á rẹ́rìn-ín, á ní, “Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́ mi.” Bàbá Àgbà kò ní rẹ́rìn-ín. Á ju ohun tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí i: ife, òkúta, nígbà kan àkùkọ tí wọ́n fẹ́ pa.

Ní ọdún kan, òjò àkọ́kọ́ bá Bàbá lórí ibùsùn. Ibà ló ń ṣe é, kò lè dìde. Ó pe àbúrò rẹ̀, ó ní, “Bá mi gé okùn.” Bàbá Kékeré ní òun ti gbọ́. Ó wo okùn náà, ó rí i pé kò já níbì kankan, ó sì dùn ún láti gé e. Ó kó ègé okùn ti ọdún tó ṣáájú wá sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ó fi hàn án. Odidi okùn yẹn, ó jù ú sórí òrùlé ilé ewúrẹ́ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Oòrùn àti òjò ni wọ́n jọ gbé orí òrùlé yẹn títí ọyẹ́ fi tún dé.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, Bàbá Kékeré rí iṣẹ́ kan fúnra rẹ̀ ní Kuje, ó sì bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó yá òun ní Gbádé. Bàbá ní kó mú un, ṣùgbọ́n kó ra okùn tuntun. Ó ní òun ti rà á. Bàbá mi sọ fún mi pé òun rí i lọ́jọ́ yẹn pé àwọ̀ okùn náà ti ṣá, òun sì béèrè. Bàbá Kékeré dáhùn pé, “Bí wọ́n ṣe ń ṣe é jáde nísinsìnyí nìyẹn.” Bàbá mi so ó mọ́ra, ó sọ̀kalẹ̀. Ó lọ ire. Ìgbà tí wọ́n ń fà á bọ̀ sókè ni okùn náà já.

Kànga tí wọ́n bá to ríìngì sí kò ní ihò tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ tẹ̀ gòkè. Bàbá mi wà nísàlẹ̀, egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yọ síta, ó ń ké. Wọ́n pe Bàbá Àgbà lórí fóònù, ó gba mọ́tò láti ibi iṣẹ́ mìíràn ní Mpape, ó fi okùn tirẹ̀ sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ tó wà nínú kànga níbẹ̀. Nígbà tó fi dé Kuje, èrò ti pé. Wọ́n ti ta okùn tó já yẹn ní kókó, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó láyà ti so ó mọ́ ìdí, ó fẹ́ sọ̀kalẹ̀ lọ gbé e.

Bàbá gbá ọ̀dọ́mọkùnrin náà létí, ó ṣubú. Ó tú okùn kúrò ní ìdí rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sí ẹnu ríìngì, ó fa àdá yọ nínú àpò iṣẹ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Èrò hó yèè. “Baba, your pikin dey die inside!” “Ó ti ya wèrè!” “Ahun burúkú, ọmọ rẹ̀ ni!” Ẹnìkan sọ òkúta lù ú ní ẹ̀yìn orí, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn wọ ọrùn rẹ̀, kò wẹ̀yìn. Ó gé e títí kò fi sí èyí tó lè gbé ọmọ ọwọ́ mọ́. Bàbá mi nínú kànga gbọ́ ìró àdá. Ó ní ìgbà yẹn ni òun mọ̀ pé bàbá òun ti dé. Lẹ́yìn náà ló rí orí rẹ̀ lókè, dúdú sí ojú ọ̀run, tó pariwo: “Gbádé! Má sùn. Mò ń lọ ra okùn.”

Ó sáré lọ sí ọjà Kuje, ó sáré padà, òun fúnra rẹ̀ sì ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ó gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n bí ìyá ṣe ń pọn ọmọ, ó fi okùn tuntun dì í, wọ́n fa àwọn méjèèjì jáde. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n gé ẹsẹ̀ náà lókè orúnkún. Àwọn kan ṣì ń sọ ọ́ títí di òní pé ìdúró yẹn ló pa ẹsẹ̀ náà, pé bí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn bá ti sọ̀kalẹ̀ kíákíá ni, wọn ì bá rí i tò. Ó ṣeé ṣe. Mo bi bàbá mi bóyá ó ń dùn ún. Ó wo ibi tí ẹsẹ̀ kò sí mọ́. “Ẹsẹ̀ mi kan ló lọ,” ó ní. “Ọmọ yẹn ì bá lọ tán.”

Bàbá Àgbà kúrò ní ilé ìwòsàn lọ bá àbúrò rẹ̀ nílé. Ègé okùn ṣíṣá yẹn ló mú lọ́wọ́. Mi ò ní bo ohun tó ṣe mọ́lẹ̀. Ó nà án lójú, ó nà án lẹ́yìn, nígbà tó ṣubú ó fi ẹsẹ̀ tẹ ọwọ́ rẹ̀ títí egungun ọrùn-ọwọ́ fi dún. Eyín mẹ́ta wà nílẹ̀. Ọkùnrin mẹ́fà ló fà á kúrò lórí rẹ̀, ó sì gé ọ̀kan nínú wọn jẹ. Títí wọ́n fi wọ́ ọ jáde, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń sọ léraléra: “Ọmọ mi lo fi ra okùn! Ọmọ mi lo fi ra okùn!”

Láti ọjọ́ yẹn, wọn kò rí ara wọn sójú mọ́. Bàbá Kékeré kó lọ sí Kuje. Ó rán alàgbà, ó rán ìyàwó rẹ̀, ó rán iṣu. Bàbá dá gbogbo wọn padà, ó fi iṣu kan lé alàgbà kan. Nígbà tí àìsàn ìkẹyìn wá dá a dúbúlẹ̀, Màmá Àgbà kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó ní, “Bàbá Gbádé, ẹ jẹ́ ká ránṣẹ́ pe àbúrò yín. Ẹ̀jẹ̀ yín ni.” Mo rò pé ó ti sùn. Lẹ́yìn náà ló béèrè, láìlajú: “Ṣé ó ti mọ okùn rà?” Ilẹ̀ kò sì mọ́ bá a.

A sin ín sí ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ní Bwari. Òun ló ní a kò gbọdọ̀ fi mọ́tò gbé òkú òun lọ sí Èjìgbò, pé òkú kì í wo ojú ọ̀nà. Àwọn tó gbé pósí wá kó okùn jáde láti fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Mo wo okùn náà. Ó ti funfun, irun rẹ̀ ti yọ káàkiri. Mo sọ fún ọ̀gá wọn pé kó má fi èyí gbé Bàbá Àgbà. Ó fi ẹ̀rín dá mi lóhùn: “Àǹtí, òkú ni now. Kí ló tún fẹ́ ṣe é?”

Ọwọ́ mi ti bà á létí kí n tó mọ̀. Mo tún fa ẹ̀wù rẹ̀ mú, bọ́tìnnì fò. Pásítọ̀ ń ké pé, “Arábìnrin! Arábìnrin!” Màmá Àgbà, tó ti ń sunkún láti àárọ̀, gbé orí sókè, ó tọ́ka sí mi, ó ní, “Bàbá yín rèé.”

Inú rògbòdìyàn yẹn ni Bàbá Kékeré gbà wọlé. Ó ti rù, ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún wọ́, ó sì di náílọ́ọ̀nù dúdú kan mọ́ àyà. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ọ̀dọ̀ bàbá mi ló lọ tààrà, tó dúró lórí ọ̀pá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè. Ó yọ okùn kan jáde, okùn aláwọ̀ ewé, ìwé ilé ìtajà ṣì wà lára rẹ̀.

“Gbádé,” ó ní, “àárọ̀ yìí ni mo rà á. Tuntun ni. Wò ó fúnra rẹ.”

Bàbá mi gbà á. Ó fi ìka tọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí Bàbá Àgbà ṣe máa ń ṣe. Mo ń wo ojú rẹ̀, mi ò sì mọ bóyá ó máa fi okùn náà na àgbàlagbà yẹn. Bó bá nà án, mi ò ní dí i lọ́wọ́. Ó na okùn náà sí àwọn tó gbé pósí wá.

“Ẹ fi sọ Bàbá kalẹ̀.”

Wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Bí wọ́n ti fa okùn náà jáde tán, ọ̀gá wọn ti ń ká a sí èjìká, ó fẹ́ mú un lọ. Bàbá Kékeré já a gbà. Ó béèrè àdá. Èmi ni mo wọlé lọ gbé e wá, àdá Bàbá gan-an, mo sì gbé e lé e lọ́wọ́. Ó gba iwájú ilé lọ, gbogbo wa tẹ̀ lé e, ó tẹ́ okùn náà sórí kùkùté máńgòrò. Ọrùn-ọwọ́ tí wọ́n ṣẹ́ yẹn kò lágbára, àdá ta padà. Ó tún gé e, ó tún ta padà. Ẹnikẹ́ni kò lọ ràn án lọ́wọ́. Bàbá mi wá tiro lọ síbẹ̀, ó gbé ẹnu ọ̀pá rẹ̀ lé orí okùn náà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún un.

Bàbá Kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í gé. Ó ń sunkún, ó ń gbin, ó ń gé e bí ẹni tó ń pa ejò.

“Ha, Bàbá!” ọ̀gá àwọn onípósí figbe ta. “Okùn tuntun! Ẹ̀ẹ̀kan péré la lò ó!”

Kò gbé orí sókè.

“Ó ti gbé ènìyàn tó.”